Àlékún Láti Ẹnu

"Àǹtí, ó ti pọ́n o!"

Bámitálẹ́ ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí alùpùpù tó fi ń gbé mi tẹ̀ lé àwọn eléré kẹ̀kẹ́, ariwo tí kò yẹ kó pa rárá, nítorí ẹnu àwa adájọ́ gan-an wà lábẹ́ òfin. Mo wo mítà tó wà lórí itan mi. Iná rẹ̀ ti pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Agbára ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tó ń gun òkè lọ níwájú wa, tó ti dúró sórí igba láti ìsàlẹ̀ òkè, ti fò dé òjìlérúgba. Ogójì gbáko, kí n tó ṣẹ́jú!

"Kí ló fà á?" ni mo bi í, bí ẹni tí kò gbọ́.

Irọ́ ni mo pa. Mo gbọ́ ohùn tó fà á ketekete. Gbogbo Kọ́nà Alágbẹ̀dẹ ló gbọ́ ọ, nítorí kò sí ohùn mìíràn níbẹ̀ tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà, ìdínu funfun lẹ́nu gbogbo wọn, tí wọ́n ń ju hánkáṣíìfù bí ẹni ń lé eṣinṣin. Tí o bá dúró láàárín wọn, ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ nìkan lo máa gbọ́. Ìran wa náà rèé o, ìran tó ń kí ẹni tó ń jẹun, tó ń kí ẹni tó ń fọṣọ, tó ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. A ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo eléré bí ẹni ń wo òkú.

Ìbídùnní Fátúnlà ni ọmọbìnrin náà. Òun nìkan ló kọ́kọ́ yọ sí kọ́nà yẹn, lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó, láìsí ìgbàdí kankan ní ìbàdí rẹ̀. Àwọn méjì tó ń lé e bọ̀ ní ìgbàdí tiwọn, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lábẹ́ ẹ̀wù wọn, ó ń fún itan wọn lágbára bí wọ́n ṣe ń tẹ pẹ́dà. Lábẹ́ igi máńgòrò kan ni ìyá àgbà kan jókòó sí lórí àga, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun. Mo rí i nígbà tí Ìbídùnní rí i. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọmọ náà ti tẹrí ba lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó rọ orúnkún kan sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀ lórí eré.

"Ẹ káàsán, Màmá."

Ìyá àgbà náà fa ìdínu rẹ̀ wálẹ̀ sí àgbọ̀n. Àgbà wo ló ń fi ẹnu dídì gba ìkíni ọmọ?

"Àpèkẹ́! Ṣé dáadáa lo wà? Rọra o, Àpèkẹ́ mi."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà dìde nàró lórí pẹ́dà, mítà sì pọ́n.

"Ìkíni ni," ni mo sọ fún Bámitálẹ́. "Ọmọ kí ìyá rẹ̀ àgbà, ìyá sì dá a lóhùn. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òfin ò mọ ìkíni. Àlékún láti ẹnu nìyẹn. Èyí tó tún burú ni pé òun ló kọ́kọ́ kí wọn. Wọ́n á ní òun ló tọrọ ẹ̀."

"Kó wá rí màmá ẹ̀ lójú ọ̀nà, kó dijú kọjá?"

"Ohun tí àwọn yòókù ń ṣe nìyẹn, mà."

Bámitálẹ́ kì í ṣe ọmọ burúkú. Inú òfin yìí ni wọ́n bí i sí, kò mọ ayé tó wà ṣáájú rẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Kí n má tan ara mi, èmi gan-an ni mo bí òfin ọ̀hún, ẹni tó bá sì da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, lórí òkè Ẹ̀fọ̀n yìí kan náà, obìnrin kan tó gbé ẹ́ńjìnnì pamọ́ sínú páìpù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀yìn mi gbálẹ̀. Mo sunkún, mo pariwo, mo gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Ohun tí kò bá sí lára èèyàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò gbọdọ̀ bá a wọ ìdíje." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ìlà kìíní nínú òfin, wọ́n sì gbé e kọ́ ara ògiri. Kò pé ọdún mẹ́ta tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá fi kó lọ́yà dé. Wọ́n ní ohun tó bá ti ní ìwé àṣẹ kì í ṣe àlékún mọ́, ohun èlò iṣẹ́ ni. Báyìí ni ìgbàdí ṣe rí ìwé àṣẹ gbà. Ohùn inú akoto, tó ń sọ fún eléré ìgbà tó yẹ kó mí àti ìgbà tó yẹ kó tẹ pẹ́dà, rí tiẹ̀ náà gbà. Òfin wá ń wá ohun tó máa lé kiri, ló bá rí àwọn tí kò níwèé: orin ẹ̀bá ọ̀nà, àtẹ́wọ́, ẹnu. Ta ló fẹ́ lọ gba ìwé àṣẹ fún ẹnu ìyá àgbà?

Ẹlẹ́sẹ̀ lásán ni wọ́n ń pe irú Ìbídùnní, àwọn tí kì í wọ ìgbàdí. Wọ́n ku mẹ́rin péré ní gbogbo Èkìtì. Lẹ́tà sì ti jáde nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ pé tí ìkankan nínú wọn kò bá sí lára ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, ẹlẹ́sẹ̀ lásán kò tún gbọdọ̀ wọ ìdíje mọ́ láéláé. Gbogbo ọmọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ kọ́ eré lábúlé á kúkú máa fi ru iṣu.

Ìbídùnní ló kọ́kọ́ dé orí òkè. Ẹnikẹ́ni kò hó. Hánkáṣíìfù ń fò sókè sódò, ọmọ náà sì ṣubú lu ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń mí bí ewúrẹ́ tí wọ́n lé. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ohùn Ọ̀gá Àgbà Ìgbìmọ̀ Kẹ̀kẹ́ ti dé inú ẹ̀rọ etí mi láti oríléeṣẹ́.

"Adájọ́ Mọ́rẹ́nikẹ́, iná pọ́n ní kọ́nà. Ẹ ṣe ìdánwò ìpè fún un kí n tó lu èdìdì."

"Orúkọ ọmọ ni ìyá yẹn pè, sà. Kò sí ohun tó fi kún un. Orúkọ ẹni wà lára ẹni."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ nílé yín, Màdáámù?"

"Ọjọ́ kẹjọ."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ńkọ́? Kí ni orúkọ tó wà lára ẹ̀?"

Mo fọwọ́ bo ẹ̀rọ etí mi kí Bámitálẹ́ má baà gbọ́.

"Ara ògiri ni mo ti ń kà á o," ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yín ni."

Mo ní kí Bámitálẹ́ lọ mú ìyá àgbà wá láti kọ́nà. Èmi mú Ìbídùnní wọ inú àgọ́ adájọ́, níbi tí kẹ̀kẹ́ ìdánwò wà, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ tí kì í rìn. Mo fún un lómi. Èyí tó dà sílẹ̀ ju èyí tó mu lọ.

"Àǹtí, mi ò mọ̀ pé mo kí wọn," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Èmi kọ́ ni mo kí wọn, ẹnu mi ni."

"Mo mọ̀."

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi?"

"O máa gun kẹ̀kẹ́ yìí, wàá dúró sórí igba. Màmá rẹ á pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe pè ọ́ ní kọ́nà. Tí mítà bá fò, wọ́n á gba ipò lọ́wọ́ rẹ, o ò sì ní gun kẹ̀kẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Tí kò bá mì, wọ́n á ní atẹ́gùn ló gbé e ní kọ́nà, ìwọ lo borí nìyẹn."

"Kí n bẹ Màmá kí wọ́n kàn rọra pè mí?"

"Mítà ohùn máa wà lọ́rùn tiwọn náà. Tí wọ́n bá fẹnu lásán pè ọ́, wọ́n á ní o jẹ̀bi. Àfi kí wọ́n pè ọ́ tinútinú. Wọn ò gbọdọ̀ mọ nǹkan kan."

Ó gbé ife omi sílẹ̀. "Kí wọ́n pè mí tinútinú, kí n wá ṣe bíi pé mi ò gbọ́."

"Kì í ṣe 'bíi pé.' Ẹsẹ̀ ò mọ irọ́ pa, Ìbídùnní. O ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lóòótọ́. Ka títẹ̀ pẹ́dà rẹ, kìíní, èjì, ẹ̀ta, kí o máa kà á lọ. Tí wọ́n bá pè ọ́, sọ fún ara rẹ pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ẹlòmíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí o ò mọ̀ rí."

Ó wojú mi títí ojú fi tì mí.

"Àǹtí, ojú Màmá ti fọ́ kí n tó wọ girama. Ìdáhùn mi ni wọ́n fi ń rí mi. Tí mo bá ti fẹsẹ̀ kan ilé, wọ́n á pe 'Àpèkẹ́,' èmi á ní 'Mà!' Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀fun ń dùn mí, tí mi ò lè sọ̀rọ̀, ṣe ni wọ́n ń fọwọ́ tá ilẹ̀ kiri tí wọ́n ń wá mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ̀yin ti ṣe é rí?"

"Mo ti ṣe é rí. Lọ́jọ́ tí mo fìdí rẹmi lórí òkè yìí, ìyá mi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń pè mí, 'Àbẹ̀ní, Àbẹ̀ní.' Inú ń bí mi. Mo gùn kọjá."

"Ṣé wọ́n dárí jì yín?"

"Wọn ò tún sọ ọ́ mọ́."

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn, Àǹtí."

Mo lè sọ fún un nígbà yẹn pé kó dá ìyá rẹ̀ lóhùn, kí mítà fò kó kan ọ̀run, kí a gbé kẹ̀kẹ́ wa kí a máa lọlé. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo rántí àwọn mẹ́ta yòókù tí wọn kò lè dé ibi tó dé, mo rántí àwọn ọmọ abúlé. Mo lè dúró síbẹ̀ kí n sọ pé nítorí wọn ni, ẹ ó sì yìn mí. Ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jù nínú mi ni pé mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ lásán borí lórí òkè yìí lẹ́ẹ̀kan péré kí n tó kú. Mo fẹ́ ẹ débi pé mi ò bìkítà ohun tó máa ná ọmọ ọlọ́mọ.

"Máa kà á," ni mo wí. "Kìíní, èjì, ẹ̀ta."

Bámitálẹ́ di ìyá àgbà lọ́wọ́ mú wọlé. Obìnrin kúkurú ni, ara rẹ̀ le, ó wọ ìró tó mọ́ tónítóní. Ìdínu ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tó fà á sí.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí mi ò rí yín," ni ó wí. "Ọmọdékùnrin yìí ní ẹ fẹ́ kí n wá pe ọmọ mi. Ṣé wọ́n máa ń bẹ ènìyàn kó tó pe ọmọ ẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni mo dáhùn. "Òfin ni."

"Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ̀yin wá sọ ọ́ di ẹ́ńjìnnì." Ó pòṣé bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. "Níbo ló wà?"

"Lórí kẹ̀kẹ́, níwájú yín."

Mo lẹ wáyà tó ń ka agbára ara mọ́ Ìbídùnní láyà, mo sì so mítà ohùn mọ́ ìyá àgbà lọ́rùn. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pẹ́dà, iye tó wà lórí mítà mi gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé igba, ó dúró síbẹ̀. Ohùn Ọ̀gá Àgbà jáde láti inú àpótí tó wà lórí tábìlì: "Ó yá, Màmá. Bí ẹ ṣe pè é ní kọ́nà."

"Àpèkẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀. Igba ni mítà wà. Ètè ọmọ náà ń mì, ó ń kà.

Ìyá àgbà dẹ etí. Ó dúró de ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe ń dúró dè é lójoojúmọ́, ó tilẹ̀ ti múra ẹ̀rín sílẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó na ọwọ́ síwájú díẹ̀.

"Àpèkẹ́ mi, ṣé o ò gbọ́ mi ni? Màmá rẹ ni o."

Igba. Mo rí ẹ̀jẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ètè Ìbídùnní níbi tó ti fi eyín dì í mú. Inú mi ń bà jẹ́, ó sì ń dùn, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bá mi gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jù sígbó.

"Ó ku ẹ̀kan, Màmá," ni àpótí wí.

Ìyá àgbà kò ṣe kíákíá. Ó tún ìró rẹ̀ wé, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè débi pé àwọn tó wà níta àgọ́ yíjú padà.

"Àpèkẹ́! Ọmọ a-gòkè-má-wẹ̀yìn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbé fún mi ní ọ̀sán gangan tí kò gbà á padà mọ́. Ẹ̀gbà ọrùn mi. Igi tí mo fi ń tilẹ̀. Àpèkẹ́, dá mi lóhùn!"

Omijé ń dà lójú èmi adájọ́. Bámitálẹ́ tó jẹ́ ọmọ òfin yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo wo mítà.

Igba.

"Kò sí àlékún," ni Ọ̀gá Àgbà wí, bí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ òjò. "Ìbídùnní Fátúnlà ló borí. Èdìdì ń bọ̀ lórí ẹ̀rọ yín. Ẹ má tíì tú wáyà kankan lára ẹ̀ kí ìwé èdìdì tó jáde, ìdánwò ò tíì parí títí dìgbà yẹn."

Wọ́n ti gbọ́ níta. Mo rí òjìji hánkáṣíìfù lára aṣọ àgọ́, wọ́n ń jù ú bí wèrè, láìsí ohùn kan. Ìbídùnní dá ẹsẹ̀ dúró, àmọ́ kò gbórí sókè.

"Adájọ́," ni ìyá àgbà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ta ló wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn?"

"Ìbídùnní ni, Màmá. Ó borí o. Ẹ kú oríire."

"Ìbídùnní." Ó pe orúkọ náà bí ẹni tó ń kà á lára ìwé. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tó ti ń tọ́ ọ, mi ò rò pé ó pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ó ṣeun. Ẹ bá mi kí i, ẹ ní mo ní ó kú iṣẹ́. Mo rò pé ọmọ mi ni ẹ ní kí n wá pè."

"Màmá, ọmọ yín náà ni. Òfin ni kò jẹ́ kó..."

"Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Nílé tiwa, ẹni tí a bá pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, a ti mọ ibi tó lọ." Ó wá ọwọ́ Bámitálẹ́, ó rí i. "Ọmọ mi, mú mi jáde. Ó gbóná níbí."

Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ nígbà tí Ìbídùnní já bọ́ láti orí kẹ̀kẹ́. Orúnkún méjèèjì ló fi balẹ̀, pẹ̀lú wáyà láyà.

"Mà!" ni ó ké. "Màmá, mà! Mà o!"

Ó ń san gbogbo ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ń gorí èkejì. Ìyá àgbà dúró. Ó yí ojú funfun rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ojú náà sì tú ká bí ti ọmọdé.

"Àpèkẹ́?"

Mítà pọ́n lórí itan mi. Ó pọ́n ju ti kọ́nà lọ, ọmọ náà kò sì sí lórí kẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ èdìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn lórí tábìlì, etí ìwé rẹ̀ kò tíì yọ. Tó bá tún dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìwé tó jáde, ipò ti lọ nìyẹn. Mo fò dìde, mo di ọmọ náà mú láti ẹ̀yìn, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ mi dí i lẹ́nu. Ó bù mí jẹ. Mi ò sọ ọ́ sílẹ̀.

"Àpèkẹ́, ìwọ ni?"

Ìyá àgbà dúró títí ìwé náà fi jáde tán. Nígbà náà ni ó fa ìdínu rẹ̀ sókè padà sẹ́nu, ó sì fọwọ́ tọ́ Bámitálẹ́ pé kí wọ́n máa lọ.